Ìkòkò Tí Mi Ò Tíì Rí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yìn mí pé mo mọ̀wé kọ. Inú máa ń bí mi tí mo bá gbọ́ ọ.

Ọ̀dọ́kùnrin ni mí nígbà tí wọ́n tẹ àròkọ mi àkọ́kọ́ jáde nínú ìwé. Nínú rẹ̀, mo fi àwọn orí idẹ Ifẹ̀ wé ìkòkò idẹ tí wọ́n hú jáde nílẹ̀ Ìgbò, ní Igbo-Ukwu. Mo ti dúró níwájú orí Ifẹ̀, mo ti wò ó títí. Ìkòkò yẹn ńkọ́? Mi ò rí i rí. Síbẹ̀ mo kọ ọ́ gàdàgbà pé: “Àwọn baba wa mọ ojú ènìyàn, ti àwọn tọ̀hún ò ju ìkòkò lọ.” Ẹ wo ìsọkúsọ! Àwọn ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí, orí mi sì wú.

Iṣẹ́ ọ́fíìsì ló gbé mi wá sí Enugu. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ ìyàwó, ọmọ Ìgbò ni, a sì bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Gẹ̀ẹ́sì àti pijin já gaara lẹ́nu ọmọ yìí. Yorùbá ló ń há a lọ́fun bí egungun ẹja. Ó ń dùn mí gan-an, àfi ìgbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ ka ohun tí Daddy òun ń kọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò! Látìgbà náà, ní gbogbo ọjọ́ Sunday tá a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tá a jẹ ráìsì tán, a ó jókòó ní pálọ̀ wa ládùúgbò New Haven, á máa fìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ìgbéraga ló jẹ́ kí n fa ìwé àtijọ́ yẹn yọ fún un. Mo ti gbàgbé ohun tí mo kọ síbẹ̀. Ó kà á, ó kà á, ó dé orí gbólóhùn yẹn, ó dúró, ó tún un kà.

“Daddy, àwọn tọ̀hún, ta ni? Mummy?”

Mo ní àwàdà ni. Irọ́ ni mo pa. Tọkàntọkàn ni mo fi kọ ọ́.

“Èmi náà wà nínú wọn,” ló wí. Kò há a lọ́fun rárá. Ó pa ìwé dé, ó lọ bá ìyá rẹ̀ gé ewé ugu tí wọ́n rà lọ́jà Kenyatta.

Ìtìjú ló lé mi lọ wo ìkòkò náà. Mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo wọkọ̀ ní gáréèjì Gariki, mo rìnrìn àjò títí dé mùsíọ́mù tí wọ́n kó o pamọ́ sí. Mo kọ́kọ́ rò pé okùn ni wọ́n fi dì í. Mo sún mọ́ ọn, háà! Idẹ ni okùn náà, kókó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, idẹ. Ó sì ju àwọn orí Ifẹ̀ tí mo fi ń fọ́nnu lọ lọ́jọ́ orí. Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn ní í sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun. Èmi gan-an nìyẹn, òpè.

Mo kọ àròkọ mìíràn. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń kọ ọ́, tí mo ń fà á ya, títí kò fi sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí ojú mi ò rí. Olóòtú tí mo fi ránṣẹ́ sí ní mo ti dàgbà nídìí iṣẹ́ yìí. Mo gbé e sórí tábìlì ọmọ mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó fi ìwé ìṣirò rẹ̀ lé e lórí.

Sunday tó kọjá, lẹ́yìn ráìsì, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n kà á sí i létí, ojú ìwé kan péré. Kò bínú. Ó kó àwo rẹ̀ nílẹ̀.

“Daddy, leave am,” ló wí. “I no dey do Yoruba again.”