Fakánsì Tí Ìyá Ọkọ Huguette Wá Lò

Èmi kì í ṣe ẹni tó ń rọra sọ̀rọ̀, gbogbo Odomèta ló mọ̀. Tí oníbàárà kan bá mú aṣọ tí kò tó nǹkan wá, tó ní kí n fi rán bùbá fún òun àti ọmọ òun, àwọn tó wà lójú títì á ti gbọ́ ohun tí mo fi dá a lóhùn. Nítorí náà, tí mo bá sọ pé mo fẹ́ràn Huguette, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Mi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà tí wọ́n gbé e wá sílé wa níyàwó. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà tí mo fi mọ ọ̀nà oko. Síbẹ̀, ọmọ ilé ni mí, ìyàwó ilé sì ni òun, kò pe orúkọ mi rí títí di òní. Ọmọlará ni ìyá mi sọ mí. Eyínfúnjowó ni Huguette sọ mí, ọdún tí kò sí eyín kan ṣoṣo níwájú ẹnu mi ló sì sọ mí bẹ́ẹ̀! Ó ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta báyìí, ẹ̀gbọ́n mi tó fẹ́ ẹ ti kú, síbẹ̀ láràárọ̀ ló ń wá kúnlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi: "Ọkọ mi, ẹ kú àárọ̀ o." Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí. Mo ti pariwo mọ́ ọn. "Ìyá Fidèle, ẹ dìde jàre, ṣebí orúnkún ń dùn yín!" Á rẹ́rìn-ín, á ní bí ìyá mi ṣe bá òun gbé ilé yìí nìyẹn, kò sì ní yí padà.

Àgbàdo àti ẹ̀pà ló ń gbìn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá béèrè Huguette lọ́wọ́ ọmọdé àdúgbò wa, kò ní dárúkọ ẹ̀pà. Á ní, "Ṣé Màmá Onífídíò?"

Fidèle, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé ní Kútọnù, ló fi pọ́tábù ránṣẹ́ sí i. A rò pé kó lè máa gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ ni. Háà! Kí oṣù méjì tó pé, Huguette ti wà nínú ẹgbẹ́ Wọ́sáàpù márùn-ún: ti àwọn akọrin ìjọ, ti àwọn ẹlẹ́pà, ti àwọn ọmọ Odomèta tó wà ní Gàbọ́ọ̀nù, àti méjì tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ ẹni tó fi òun sí i. Gbogbo wọn ló ń fi nǹkan ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀dọ̀ wa, tí à ń pè ní rẹ́sò, kì í fẹ́ gbé fídíò wálẹ̀, nítorí náà ọjọ́ ọjà Kétu ló ń gbà wọ́n. Tó bá ti ta ẹ̀pà rẹ̀ tán, á lọ dúró ti ògiri kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta epo bẹntiróòlù nínú ìgò, á gbé pọ́tábù sókè, á máa dúró títí wọn á fi wọlé tán.

Lẹ́yìn náà á jókòó, á ṣà wọ́n bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Fídíò ìjàǹbá ọkọ̀, ó jù ú nù. Òkú, ó jù ú nù. Tọkọtaya tó ń jà, ó jù ú nù. Èyí tó ní kí o fi ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́wàá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ibi á bá ọ, ìyẹn ló ń fi èébú jù nù. Èyí tó bá lè pa ènìyàn lẹ́rìn-ín láìdun ẹnikẹ́ni ló ń mú wálé.

Tí fakánsì bá dé, tí iléèwé ti pa, tí òjò sì ń lé gbogbo ayé kúrò lóko lọ́sàn-án, abẹ́ àtíbàbà mi ni àwọn ọmọ ń kó jọ sí. Òkòtó wà níbẹ̀, ayò wà níbẹ̀, ọkọ̀ tí wọ́n fi agolo sàdíìnì ṣe ń sáré láàárín ẹsẹ̀ mi. Àgbàdo tútù wà lórí iná. Ṣùgbọ́n bí Huguette bá ti fa pọ́tábù yọ nínú gèlè tó fi di ìbàdí, gbogbo rẹ̀ parí. Òfin rẹ̀ kò le: ẹ yín àgbàdo gbígbẹ kún abọ́ kan, ẹ wo fídíò kan.

Kò gbọ́ èdè kankan nínú fídíò wọ̀nyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Ayékòótọ́ kan wà ní ìlú òyìnbó tó ń pariwo mọ́ ajá, Huguette á ní, "Ìwọ ajá yìí, láti àná ni mo ti ní kí o gbálẹ̀, kí lo tún ń wò?" Ọkùnrin kan nínú kóòtù dúdú ń yọ̀ ṣubú lórí omi dídì, ó ń dìde, ó tún ń ṣubú: "Yéè, ta ló da omi ọṣẹ sílẹ̀ níbí? Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi!" Ewúrẹ́ kan jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà zẹ́mìjáànù, ó dé akoto: "Ẹ rọra sáré, oyún wà nínú mi." Mo ti rí ti ewúrẹ́ yẹn tó ìgbà ogún, síbẹ̀ ọjọ́ kan ni mo rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún mi lọ́wọ́.

Fakánsì èṣí ni Fidèle sọ pé òun máa mú Reine wá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni, ọmọ ọdún mẹ́jọ, inú pọ́tábù nìkan ni Huguette ti ń rí i. Ìyá ọmọ náà kò fẹ́. Ó ní ẹ̀fọn pọ̀, ó ní ọmọ òun kò gbọ́ Nàgó tí à ń sọ, Faransé àti Fọ̀n ló ń sọ. Ìgbà tí Fidèle bẹ̀ ẹ́ títí ló tó ní ó dáa, kó kọ́kọ́ lo ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá gbádùn rẹ̀, kó lo gbogbo fakánsì. Tó bá sunkún, ó parí nìyẹn, kò ní wá mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọmọ yìí jẹ́ nílé wa. Oṣù kẹrin lẹ́yìn tí ìyá mi kú ni wọ́n bí i, pẹ̀lú àmì dúdú létí òsì, níbi tí ti ìyá mi wà gan-an. Reine ni wọ́n ń pè é ní Kútọnù. Yétúndé ni a sọ ọ́ nílé. Ẹni tó bá jẹ́ ìyá mi, ìyá ọkọ Huguette ni, àbí? Ó parí! Bí ọmọ náà ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà bàbá rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, pẹ̀lú àpò aláwọ̀ pupa lẹ́yìn, Huguette fi orúnkún méjèèjì lélẹ̀ nínú ẹrẹ̀. "Ìyá mi, ẹ káàbọ̀. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ náà wò ó, ó wò mí, ó sì sá sẹ́yìn bàbá rẹ̀.

A ní ojú ló ń tì í. Fidèle padà sí Kútọnù. Ní ọjọ́ Ajé, Huguette jí, ó wá kúnlẹ̀ kí èmi, ó lọ kúnlẹ̀ kí Reine lórí ẹní rẹ̀. Ọmọ bú sẹ́kún. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bẹ́ẹ̀ náà ni. Tí pọ́tábù bá jáde, á wá, á jókòó ti ìyá àgbà rẹ̀, á rẹ́rìn-ín ayékòótọ́ títí á fi di ikùn mú. Tí wọ́n bá ti pa pọ́tábù, á dìde lọ. Èmi ní tèmi, kò tilẹ̀ fẹ́ rí mi. Mo se ẹ̀wà, mo fi epo pupa tó dára sí i, kò tọ́ ọ wò. Inú bí mi, mi ò ní purọ́. Mo ní, "Ṣé mo fi májèlé sí i ni?" Ó bo orí.

Ní Ọjọ́rú, ìyá rẹ̀ pè. Ọmọ gbé pọ́tábù gun orí òkìtì iyanrìn lẹ́yìn ilé, níbi tí rẹ́sò ti ń wá, ó ń sunkún, ó ń sọ Faransé wéréwéré. Lẹ́yìn náà Fidèle gba ọ̀rọ̀ náà. "Màmá, ẹ má bínú. Ìyá rẹ̀ ní kí n wá mú un ní Sátidé."

"Ó dáa," ni Huguette wí. Ó padà wá jókòó, ó mú odindi àgbàdo kan dání, kò yín in. Nígbà tó yá, ó ní, "Eyínfúnjowó, ìyá ń bínú sí mi."

"Ìyá wo?"

"Ìyá yín. Ọjọ́ tí wọ́n kú, ọjà Kétu ni mo wà. Wọ́n pè mí títí, wọn ò rí mi. Ẹ̀yin ni ẹ dì wọ́n lọ́wọ́ mú, èmi ń ta ẹ̀pà. Wọ́n wá padà wá, wọ́n sì kọ ìkíni mi."

Mi ò mọ̀ rárá pé ọ̀rọ̀ yìí wà nínú rẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án. Ní ọjọ́ kejì, ó kúnlẹ̀ fún ọmọ náà pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ń bẹ̀ ẹ́, ọmọ sì ń gbọ̀n.

Ọjọ́ Jímọ̀ jẹ́ ọjọ́ ọjà. Òjò ń rọ̀, ó lọ síbẹ̀. Kò tilẹ̀ gbé ẹ̀pà dání. Fídíò ló lọ wá, ó sì kó mọ́kànlá dé, aṣọ rẹ̀ ń ro tótó. Ó ní, "Ó kéré tán, kó rẹ́rìn-ín kó tó lọ."

Ìkẹta nínú wọn jẹ́ ti kíláàsì kan. Ọmọ iléèwé mẹ́rin kúnlẹ̀ níwájú, wọ́n na ọwọ́ sókè. Ewúrẹ́ wọlé, ó jẹ ìwé ọwọ́ tíṣà, tíṣà ń lé e yí tábìlì ká. Gbogbo àtíbàbà bú sẹ́rìn-ín. Reine nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka kan àwọn tó kúnlẹ̀, ó wo ìyá àgbà rẹ̀, ó yíjú sí mi, ó sì bú sẹ́kún. Faransé tèmi kò kọjá ti ìwé mẹ́fà, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ yékéyéké.

"Tàtá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì í. Ẹ má jẹ́ kó kúnlẹ̀ mọ́."

"Ta ni?"

"Mémé, ìyá bàbá mi. Láràárọ̀ ni ẹ̀ ń fìyà jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ ní kó tún wá kúnlẹ̀ fún èmi. Kí ni mo ṣe?"

"Èmi? Èmi Ọmọlará?" Mo pariwo, ọmọ náà sì fi ọwọ́ méjèèjì bo orí. Ìgbà yẹn ni ó wá yé mi. Nílé wọn, wọ́n ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti kí ara wọn. Níléèwé wọn, ẹni tó bá ṣẹ̀ ló ń kúnlẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó bá ìyá arúgbó tó ń fi orúnkún lélẹ̀ láràárọ̀ níwájú obìnrin kan tó ń fi sìsọ́ọ̀sì lu tábìlì, tó ń pariwo, "Ẹ dìde jàre!" Kí ni ẹ fẹ́ kó rò? Ojú tì mí, mi ò ní purọ́.

Mo rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ṣòro fún mi, ṣùgbọ́n mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Mo fi Faransé tí mo gbọ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ìyá mi, àmì etí, ọjà Kétu, ìdí tí wọ́n fi ń kúnlẹ̀ fún ìyá ọkọ. Ó gbọ́, ó nu imú.

"Ṣé ìyá yín náà ni mí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé ẹ gbọ́dọ̀ máa gbọ́ràn sí mi lẹ́nu?"

Mo rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Mo ní, "Níwọ̀nba." Àwọn ọmọ yòókù rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n tún fi ti ewúrẹ́ hàn òun, ó sì rẹ́rìn-ín sí i lọ́tẹ̀ yìí. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, ó jẹ ẹ̀wà mi.

Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti sọ̀rọ̀, Fidèle sì ti kúrò ní Kútọnù kí a tó pè é. Láàárọ̀ Sátidé, Huguette kò kúnlẹ̀ fún Reine. Ó ń bẹ̀rù kó má tún dẹ́rù bà á. Ó kàn dúró síwájú ẹní ọmọ náà, kò mọ ohun tó máa fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ó di àpò pupa náà, ó kó ẹ̀pà bíbọ̀ sí i. Nígbà tí Fidèle dé, tó so àpò mọ́ ọ̀kadà, tó sì gbé ọmọ náà gùn ún, ara Huguette kò gbà á mọ́. Ó wólẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì.

"Ìyá mi, ó dàbọ̀. Ẹ foríjì mí. Mi ò sí nílé lọ́jọ́ yẹn."

Reine bi mí pé kí ló wí. Mo túmọ̀ rẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe sọ ọ́ tán. Ọmọ náà rò ó wò. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó lọ síwájú Huguette, ó sì sọ̀rọ̀. Báyìí ni mo ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún ìyàwó wa:

"Ó ní òun mọ̀ pé ọjà lẹ wà. Ó ní kò burú. Ó ní kí ẹ dìde, òun ìyá ọkọ yín ló wí bẹ́ẹ̀."

Lẹ́yìn náà ó yíjú sí bàbá rẹ̀. "Fidèle, ìyá àgbà rẹ ni mí. Tú àpò mi sílẹ̀. Padà wá nígbà tí iléèwé bá fẹ́ wọlé."

Bí mo ṣe ń túmọ̀ ìyẹn náà fún Huguette, Fidèle lanu sílẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀. Huguette ti dìde, ẹrẹ̀ wà lórí ìró rẹ̀. Ó ní, "Ṣé o ò gbọ́ ohun tí ìyá wí ni?" Ọmọkùnrin náà bọ́ akoto, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀ ní Kútọnù, ó sì lọ tú àpò.

Huguette dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Eyínfúnjowó, ṣé ẹ gbọ́? Ìyá ní kò burú. Wọ́n mọ̀ pé ọjà ni mo wà, wọ́n sì ní kò burú."