Okùn Kan fún Èèkàn Méjì

Òórùn kòkó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá sórí ẹní ló máa ń gba gbogbo àdúgbò ilé àdúrà wa ní Òdìgbò. Títí dòní, tí mo bá ti gbóòórùn rẹ̀, ara mi á yá gágá, nítorí ìlà kan tí mo fà sílẹ̀ níbẹ̀.

Wòlíì obìnrin ìjọ wa ló ríran ilẹ̀ àdúrà kan: kò ní igun, ó gùn ju bó ṣe fẹ̀ lọ, àbẹ́là méjì sì ń jó nínú rẹ̀. Bàbá mi, bíríkìlà, ni wọ́n ní kó fi búlọ́ọ̀kù yí i ká. Ó kan èèkàn mọ́lẹ̀ níbi àbẹ́là kọ̀ọ̀kan, ó so okùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́ wọn, ó sì fa ìlà róbótó méjì tó wọnú ara wọn. Ohun tó jáde rí bí ẹ̀pà tí a kò tíì pa. Wòlíì mi orí.

"Èyí tí mo rí kò ní ìbàdí o."

Bàbá mi pa á rẹ́, ó tún un fà, kò tún dára. Àwọn àgbà ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé kí wọ́n kúkú lọ pe bíríkìlà mìíràn ní Ọ̀rẹ̀. Bàbá mi gbọ́, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó dùn mí wọra.

Èmi sì nìyí, tí mo ń múra ìdánwò àṣejáde, tí mo ti há ìtumọ̀ ẹ́lípùsì inú ìwé ìṣirò sórí bí ẹni ń ka Sáàmù: ibikíbi tí o bá dúró lórí ìlà náà, tí o bá ro jíjìnnà rẹ sí ojú àmì méjì tó wà nínú rẹ̀ pọ̀, iye kan náà ni. Mo mọ̀ ọ́n kà, kò yé mi. Àfi bí mo ṣe tẹjú mọ́ èèkàn méjì yẹn! Ìtumọ̀ náà ní ká ro jíjìnnà méjèèjì pọ̀ ni!

"Bàbá, okùn kan ṣoṣo ni! Ẹ jẹ́ kó yí èèkàn méjèèjì po!"

Ó wò mí títí, ó ta orí méjèèjì okùn kan ní kókó pọ̀, ó fi kọ́ èèkàn méjèèjì. Mo ki irin tó fi ń fàlà bọ inú okùn, mo fà á le, mo ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn yí ká. Bí mo ṣe ń sún mọ́ èèkàn kan ni mo ń jìnnà sí èkejì, okùn ò dẹ̀, ìlà ń tẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí ó fi pàdé ara rẹ̀.

"Halelúyà! Òun gan-an nìyẹn!" Wòlíì fò sókè, èmi náà fò.

"Ọma mi," ni bàbá mi wí, "kí ni wọ́n ń pè é?"

"Ẹ́lípùsì, Bàbá."

"Tún un wí."

Mo ti gbàgbé máàkì tí mo gbà nínú ìdánwò náà. Èyí tí n kò lè gbàgbé ni pé ọ̀rọ̀ tí mo há sórí láìyé mi ni kò jẹ́ kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi.