A Kì Í Ṣubú Nínú Géètì

Ohùn nọ́ọ̀sì yẹn ṣì wà létí mi: "Níbo lẹ ti ṣubú?" Láìṣẹ́jú, mo dá a lóhùn pé inú balùwẹ̀ ni. Balùwẹ̀ wo? Nílé tí à ń gbé ní Amukoko, ìdílé mẹ́sàn-án ló ń lo balùwẹ̀ kan ṣoṣo, kò sì fẹ̀ tó ibi tí àgbàlagbà lè nà gbalaja sí. Àpò ṣúgà ló já bọ́ láti orí okùn kíréènì, tó bà mí lẹ́yìn nínú ọkọ̀ ojú omi, ní wọ́ọ̀fù Àpápá, lójú gbogbo gáǹgì wa. Ṣùgbọ́n àwa tí à ń ru ẹrù níbẹ̀ ní òfin tiwa: a kì í ṣubú nínú géètì. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnìkan fara pa, wọ́n á dá iṣẹ́ ọkọ̀ náà dúró, wọ́n á máa yẹ̀ ẹ́ wò, gbogbo gáǹgì á sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Nítorí náà, ẹni tó bá fara pa, èèyàn méjì á dì í mú ní apá ọ̀tún àti òsì bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ ṣeré, wọ́n á gbé e kọjá níwájú àwọn ẹ̀ṣọ́ géètì wọ́ọ̀fù, ó di Creek Road kó tó lè ké. Bí wọ́n ṣe gbé èmi náà jáde nìyẹn. Mo tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí àwọn ẹ̀ṣọ́.

Fóòmánù wa tẹ̀lé mi dé ọsibítù. Nígbà tó gbọ́ "balùwẹ̀" lẹ́nu mi, ó gbá mi léjìká, ó ní, "Ọkùnrin ni ẹ́." Orí mi wú. Mo rò pé akọni ni mí, òmùgọ̀ èmi.

Ẹ̀yìn náà kò san. Ẹsẹ̀ òsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú díẹ̀díẹ̀, dókítà sì sọ pé iṣẹ́ ẹrù rírù ti tán fún mi. Ilé-iṣẹ́ kọ lẹ́tà sí mi, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní kí n máa lọ sílé, wọ́n sì gbàdúrà fún mi. Àdúrà! Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ẹ̀yìn yẹn ru ẹrù wọn.

Ìyàwó mi ló gbọ́ nípa Alhaja kan, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń jókòó sí àgbàlá mọ́sáláṣí kan l'Ájégúnlẹ̀ ní gbogbo Sátidé, tó ń la ọ̀nà fún àwọn tí iṣẹ́ ti sọ di aláàbọ̀ ara, láìgba kọ́bọ̀. Mo gbé ọ̀pá mi, mo lọ. Ó ní òfin wà, pé ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ní owó gbà-má-bínú tó tọ́ sí i. Inú mi dùn. Ó wá gba káàdì ọsibítù mi, ó kà á, ó nu awò ojú rẹ̀, ó tún un kà.

"Bàbá, ẹnu iṣẹ́ lẹ ní ẹ ti ṣubú. Balùwẹ̀ ni wọ́n kọ síbí."

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, Alhaja."

"Kí ló dé? Ta lẹ ń gbà sílẹ̀?"

Mo ṣàlàyé òfin géètì fún un. Ó mi orí títí. "Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lówó là ń ra èké. Ẹ lọ wá ẹni tó rí yín, kó wá fọwọ́ sí ìwé. Láìsí ẹlẹ́rìí, káàdì yìí ni wọ́n máa gbà gbọ́."

Mo bá fóòmánù ní Creek Road, níbi tí gáǹgì ti ń dúró de ìpè. Ó kí mi dáadáa, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ yí padà nígbà tó gbọ́ ohun tí mo bá wá.

"Ah-ah! Ṣé o fẹ́ spoil iṣẹ́ fún gbogbo wa ni? Abeg, mi ò rí nǹkan kan o."

"Ẹ̀yin gan-an lẹ dì mí mú lápá ọ̀tún!"

"Ta ló ń kọ́ àwọn ẹni tuntun pé a kì í ṣubú nínú géètì? Ṣebí ìwọ ni. Àbí o ti gbàgbé bàbá tí irin fọ́ lẹ́sẹ̀?"

Inú bí mi débi pé mo gbé ọ̀pá sókè, n ò sì mọ ẹni tí mo fẹ́ fi nà. Òótọ́ ló sọ. Bàbá kan wà ní gáǹgì wa tẹ́lẹ̀, tó máa ń so okùn mọ́ ẹrù. Nígbà tí irin fọ́ ọ lẹ́sẹ̀, èmi ni mo wà lápá òsì rẹ̀, èmi ni mo sọ ọ́ sí i létí pé kó sọ pé orí àtẹ̀gùn ilé òun ni òun ti ṣubú. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó wá sílé mi, ó ní kí n jọ̀ọ́ bá òun jẹ́rìí. Mo fún un lómi tútù, mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, n ò rí nǹkan kan." Ó mu omi náà tán, ó súre fún ìyàwó mi, ó sì ń tiro lọ. Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀.

Mo wá a lọ síbi tó ti ń ta kẹrosíìnì nítòsí ilé wa. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ẹ̀yìn kọ̀. Mo di ògiri mú, mo tẹrí ba.

"Fi ẹ̀yìn yẹn lọ́rùn sílẹ̀ jàre," ó ní. "Ṣé ẹsẹ̀ náà máa ń kú tí òtútù bá mú?"

Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn. Ó ní òun kò sí níbẹ̀ nígbà tí àpò bà mí, pé òun kò lè jẹ́rìí fún mi. Mo ní, "Èmi wà níbẹ̀ nígbà tí irin bà yín." Ní Sátidé, àwa méjèèjì tiro dé ọ̀dọ̀ Alhaja, mo sì fọwọ́ sí ìwé tirẹ̀. Alhaja kò tàn wá. Ó ní ọjọ́ ti lọ lórí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n òun á fi ìwé bàbá náà ránṣẹ́.

Ìwé tèmi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní, kò tíì ní ẹlẹ́rìí. Inú ṣì ń bí mi sí ilé-iṣẹ́ tó fi àdúrà lé mi lọ, ó ń bí mi sí fóòmánù, ó sì ń bí mi jù sí ara mi. Ìgbà mìíràn tí mo bá ń wẹ̀, tí mo di ògiri balùwẹ̀ mú kí n má baà ṣubú lóòótọ́, mo máa ń dá nọ́ọ̀sì yẹn lóhùn sókè. Inú ọkọ̀ ni mo ti ṣubú, nọ́ọ̀sì. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà. Gbogbo wa la rí i.