Ìyá Ọkọ Mi àti Àdó Olóró Inú Sàhárà

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ ní Pobè, òmìnira tí orílẹ̀-èdè wa gbà lọ́wọ́ Faransé kò tíì pé ọdún kan. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ níbi tí àwọn Faransé ti ń ṣèwádìí ọ̀pẹ, ìyá rẹ̀ sì ń bá wa gbé. Ìyá fẹ́ràn ọ̀rọ̀, ó fẹ́ràn mi, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀.

Obìnrin Mùsùlùmí kan wà tó máa ń kó aṣọ wá láti Nàìjíríà, ilé wa ló ń dé sí. Òun ló sọ fún wa pé àwọn Faransé ń dán àdó olóró wò nínú aginjù Sàhárà, pé májèlé rẹ̀ lè bá ọyẹ́ wọ̀lú. Ó ní tó bá di Sátidé, àwọn èèyàn yóò jáde lẹ́ẹ̀kan náà ní Èkó, ní Àkrá, kódà nílùú àwọn òyìnbó fúnra wọn, láti sọ pé àwọn kò fẹ́. Wọn yóò jáde ní Sakété náà.

Ìyá wo ata tó sá sí àgbàlá.

"Ọyẹ́ yìí kan náà ló ń gbẹ ata mi. Mo máa lọ."

Ọkọ mi di orí mú. "Ìyá, Faransé ni ọ̀gá mi o."

"Ṣé ìwọ ni mo ní kó wá ni?"

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Ó ní òun yóò sin èmi àti Ìyá dé Sakété, òun á sì dúró lábẹ́ igi títí a ó fi ṣe tán.

Ọkọ̀ akẹ́rù la wọ̀ lọ. A kò pọ̀ níbẹ̀: àwọn obìnrin ọjà, àwọn àgbẹ̀ mélòó kan láti Takon, àwọn ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, àti olùkọ́ kan tó gbé páálí tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí dání. A ń kọrin lọ sí ilé kòmándà, aláṣẹ agbègbè náà. A kò tíì rìn jìnnà tí orúnkún Ìyá fi kọṣẹ́. Ó jókòó sáàárín títì.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká padà."

"Padà síbo?"

Ibi tí mo ti ń ro ohun tí n ó ṣe, mo rí ọkọ mi tó ń sáré bọ̀. Kò wo ẹnikẹ́ni lójú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó pọn ìyá rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́, ó sì bọ́ sáàárín èrò. Àwọn obìnrin hó yèè! Ìyá na ọwọ́ sókè lẹ́yìn rẹ̀, ó ń lé orin ju gbogbo wa lọ. Ká tó dé iwájú kòmándà, ọkọ mi náà ti ń gbe orin, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tí kò dára rárá. Inú mi dùn pé èmi ni mo fẹ́ ẹ.

Kòmándà, tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa, fi pẹ̀lẹ́ dá wa lóhùn. Ó ní òun yóò jíṣẹ́ wa fún ìjọba ní Àjàṣẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá bi ọkọ mi bóyá ó wà níbi ìwọ́de náà.

"Ìyá mi ni mo pọ̀n, ọ̀gá. Ibi tó bá ní ká lọ là ń lọ."

Ọ̀gá wò ó títí, ó ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Àwọn Faransé kò gbọ́ tiwa. Kò pẹ́ tí wọ́n tún fi dán àdó mìíràn wò, ó sì dùn wá gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí rédíò tún sọ pé àwọn èèyàn fẹ́ jáde káàkiri, ọkọ mi ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó wá bá wa nídìí ààrò.

"Ẹ̀yin ìyá wa," ló wí, "ìgbà wo la ń lọ?"