Apá Ìsàlẹ̀ Ítálì

Ọ̀sẹ̀ kan náà ni àwọn ìbejì wa méjèèjì kúrò nílé lọ sí yunifásítì, ilé wa ní Upney, ní Lọ́ńdọ̀nù, sì dákẹ́ bí ilé tí wọ́n kó ẹrù kúrò nínú rẹ̀. Mo rò pé màá sinmi. Gbogbo ìgbà tí wọ́n wà nílé ni mò ń pariwo pé kí wọ́n jẹ́ kí n sinmi. Àmọ́ nígbà tí àyè ìsinmi dé, ara mi ò gbà á. Màá jókòó, màá dìde. Màá ṣí fíríìjì, màá tì í láìmú nǹkan kan. Màá gòkè lọ wo yàrá wọn, màá tún sọ̀ kalẹ̀. Ìrẹsì tí mò ń sè ò dín kù, ọkọ mi sì ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ títí ó fi bẹ̀ mí pé, "Ìyá Ìbejì, jọ̀ọ́, búrẹ́dì ni màá jẹ lọ́la."

Ó ń wa fọ́kílíìfìtì, ọkọ̀ kékeré tó ń gbé ẹrù sókè, ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Creekmouth. Èmi ń ṣiṣẹ́ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èmi ni àwọn òbí máa ń kọ́kọ́ rí lẹ́nu ọ̀nà. Bí iléèwé bá ti gba ìsinmi nígbà ooru, ilé ni mo máa ń wà. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ìsinmi ò tíì dé tí ẹ̀rù rẹ̀ ti ń bà mí. Mo mọ ara mi. Bí mo bá jókòó sínú ilé yẹn, màá kun ògiri tí kò béèrè ọ̀dà. Ìgbà náà ni mo rántí pé èmi àti bàbá yìí ò tíì jọ gbádùn ara wa níbì kankan láti ìgbà tá a ti fẹ́ra. Peckham la ń gbé nígbà ìgbéyàwó wa. A so yìgì ní Sátidé, a ṣe ìdúpẹ́ ní Sọ́ńdè, nígbà tó di Mọ́ńdè, oníkálukú ti wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́. Àwọn ọmọ tó ń ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì wa báyìí, kí wọ́n tó kó àga kúrò ní gbọ̀ngàn, wọ́n ti wà lókè nínú bàálù.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tá a ń rìn yí adágún Barking Park ká, mo sọ fún ọkọ mi pé ó yẹ kí ìfẹ́ tiwa náà rí oòrùn.

"Níbo lo fẹ́ lọ?"

"Ítálì."

Ó dúró. Pẹ́pẹ́yẹ kan ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ kọjá, ọkọ mi ń wò wọ́n. "Ibi tó bá wù ẹ́ náà ni," ló wí.

Mo mọ̀ pé ó ti débẹ̀ rí. Nígbà tá a ṣì ń fẹ́ra sọ́nà ló ti sọ fún mi pé òun gba Ítálì kọjá kóun tó dé Lọ́ńdọ̀nù. Mi ò bi í ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gba ibì kan kọjá kó tó dé ibí, a kì í tú u wò.

Mo ra máàpù ńlá kan ní Barking, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì ìjẹun, a wá ń jẹun lórí itan wa. Ilẹ̀ Ítálì rí bíi bàtà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Mo ní ká bẹ̀rẹ̀ láti Liguria létí òkun lókè, ká gba Toscana, ká yà sí Umbria, ká sọ̀ kalẹ̀ dé Campania, ká wá parí ẹ̀ sí Puglia, níbi gìgísẹ̀ bàtà náà. Gbogbo ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ó wo máàpù náà, ó wò mí. "Ìyá Ìbejì, ṣé à ń lọ gbádùn ni àbí wọ́n ń lé wa?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́. Ní àárọ̀, màá fi Toscana ṣíwájú. Kó tó di ọ̀sán, màá ti rí fọ́tò òkun kan, màá yí gbogbo ẹ̀ padà. Mò ń yẹ ojú ọjọ́ àwọn ìlú tí mi ò tíì dé wò ju ti Barking tí mo ti fẹ́ sá aṣọ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Goresbrook wá kí wa lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó bá mi lórí máàpù, ó pàtẹ́wọ́.

"Ítálì! Kí lẹ gbàgbé síbẹ̀? Àwọn ọmọ tẹ́ ẹ bí ló kàn láti máa ṣe họ́nímúùnù, ẹ̀yin ń gba ipò mọ́ wọn lọ́wọ́."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wá béèrè pé, "Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀, ṣé ibẹ̀ dáa?" ó ní, "Ó dáa, mà," ó sì dìde lọ wá nǹkan tí kò sọ nù.

Ó yẹ kí n ti fura nígbà náà. Ohun tó kọ́kọ́ dá mi dúró ni ọ̀rọ̀ èdè wọn. Mò ń fọ abọ́, fóònù mi wà lójú fèrèsé, ó ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń béèrè tábìlì ẹni méjì. Mò ń sọ ọ́ tẹ̀ lé e, ahọ́n mi ń kọsẹ̀. Ọkọ mi sọ̀rọ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. O ń fà á jù."

Ló bá sọ ọ́. Ó sọ gbogbo gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀kan, ó yá lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni pé ó ń béèrè iyọ̀. Mo pa omi ẹ̀rọ.

"Níbo lẹ ti mọ èyí?"

"Mo ti sọ fún ẹ pé mo gba ibẹ̀ kọjá."

"Ẹni tó kàn gba ibì kan kọjá kì í mọ èdè ibẹ̀ tó báyìí, Bàbá Ìbejì."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé àpò pàǹtí jáde. Ọjọ́ pàǹtí kọ́, àpò náà ò sì tíì kún.

Láti ìgbà náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Bí mo bá sọ̀rọ̀ Liguria, á dá sí i, á ní òun fẹ́ràn ibi tí òkè àti òkun ti pàdé. Bí mo bá dé Toscana, á béèrè irú ilé tí a máa dé sí. Àmọ́ bí ìka mi bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí máàpù, tí mo kọjá Róòmù, ohùn rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀. Tí mo bá dé gìgísẹ̀, ó ti kúrò nínú yàrá. Èyí tún wá fi kún ohun tó ń dà mí láàmú. Mi ò lè béèrè, mi ò sì lè gbàgbé ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Tọ́sìdeé kan, lẹ́yìn tí iléèwé ti gba ìsinmi, mo rí ilé kan lórí fóònù, ilé àgbẹ̀ àtijọ́ tí wọ́n ti tún ṣe fún àlejò, ní àríwá Puglia. Ògiri rẹ̀ funfun, wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì onínẹ́ẹ̀tì síbẹ̀, oko tòmátò sì yí i ká, ó pupa lọ títí dé ìsàlẹ̀ ọ̀run. Mo sáré gbé e lọ fún un níbi tó ti ń mu tíì.

"Ẹ wo ibi tí a máa sùn! Ìfẹ́ pọ́nńbélé!"

Ó wò ó. Ó gbé ife tíì sílẹ̀ láìmu ún tán, ó wọ bàtà iṣẹ́ rẹ̀, ó jáde. Oúnjẹ rẹ̀ wà lórí tábìlì níbi tí mo dì í sí.

Mo jókòó, mo dìde. Mo nu tábìlì tó ti mọ́. Nígbà tó ṣe, mo gbé oúnjẹ náà, mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní Upney lọ sí Barking, mo bọ́ sínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Creekmouth. Mo sọ fún ara mi pé oúnjẹ ni mò ń gbé lọ fún un. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ń fi eruku bò mí lójú ọ̀nà, mo dúró sẹ́nu géètì, mo pè é lórí fóònù. Ó jáde pẹ̀lú ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ aláwọ̀ yẹ́lò tó ń tàn yanran.

"Ṣé kò sí nǹkan?" ló kọ́kọ́ béèrè.

"Ẹ gbàgbé oúnjẹ yín."

Ó wo abọ́, ó wo ojú mi. Ó mú mi gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìkẹ́rùsí náà lọ síbi odi kúkúrú kan tó kọjú sí omi, níbi tí odò Roding ti ń wọnú Thames. Òun jókòó. Mo dúró.

"Jókòó."

Mo jókòó.

"Mi ò mọ ilé inú fọ́tò yẹn," ló wí. "Àmọ́ mo mọ ilẹ̀ yẹn. Mo mọ àwọ̀ erùpẹ̀ yẹn."

Ó wá sọ ọ́ fún mi, kò wò mí, omi ló ń wò. Kí òun tó dé Lọ́ńdọ̀nù, tòmátò ni òun ń ká ní Puglia. Ilé àgbẹ̀ tí òrùlé rẹ̀ ti wó ni wọ́n ń sùn sí, òun àti àwọn ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Gánà, ọmọ Màlì, wọ́n fi ọ̀rá àti páálí bo orí ara wọn. Kí oòrùn tó yọ, ọkọ̀ á wá kó wọn lọ sóko. Wọn kì í jókòó. Ẹni tó bá jókòó, ọ̀gá á ní kó má wá lọ́la. Ó ní ọ̀rọ̀ tí òun kọ́kọ́ mọ̀ ní èdè wọn ni "yára."

"Ṣé o rántí pé ìyá mi kú nígbà tí mo wà lókè òkun?"

"Mo rántí."

"Inú oko yẹn ni mo wà. Àbúrò mi ló pè mí. Mo gbọ́ ọ tán, mo fi fóònù sápò, mo ń ká a lọ. Ọkọ̀ tó máa kó o ti dé, ó ń dúró. Mo ká tòmátò títí ilẹ̀ fi ṣú, Ìyá Ìbejì. Mi ò ní ìwé tí mo lè fi lọ sin ín kí n tún padà. Mo sì ti sọ fún un pé ọ́fíìsì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Róòmù. Ó ti sọ fún gbogbo àdúgbò. Pẹ̀lú irọ́ yẹn ló lọ."

Ẹkún gbọ̀n mí. Inú sì bí mi díẹ̀, kí n má purọ́. Kí ló dé tó fi dá gbé e fún gbogbo ọdún tí a ti jọ ń sùn tí a jọ ń jí? Mo bi í. Ó ní ojú ló ń ti òun, nígbà tí ojú ò sì tì òun mọ́, ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ jù, òun ò mọ ibi tóun ti lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

"Ó ti tán," mo ní. "Ẹ jẹ́ ká fi Ítálì sílẹ̀. Spéènì ń bẹ. Pọ́túgà ń bẹ."

"Rárá." Ó ṣí abọ́ oúnjẹ náà, ìrẹsì ni, ó sì rẹ́rìn-ín sí i. "Ítálì ni mo fẹ́ lọ. Mi ò jókòó rí níbẹ̀. Mo fẹ́ jókòó níbi táwọn èèyàn ti ń jókòó, kí wọ́n gbé oúnjẹ wá bá mi. Àmọ́ má mú mi dé Puglia lọ́dún yìí."

Mo padà sílé, mo ká máàpù náà kúrò lórí tábìlì. Òun ló yan ibi tá a lọ: Liguria díẹ̀, lẹ́yìn náà Umbria. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ká fi Toscana sí i, ó ṣáà wà láàárín méjèèjì. Ó ní ká máa wò ó láti ojú fèrèsé ọkọ̀ ojú irin. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe wò ó.

Ní Liguria a rìn létí òkun, ó di ọwọ́ mi mú lójú gbogbo ènìyàn, ohun tí kò ṣe rí ní Barking. Ní Umbria a dé sí ìlú kékeré kan lórí òkè, tí kò ju ṣọ́ọ̀ṣì kan àti gbàgede kan lọ. Ó wá àga kan lábẹ́ igi níwájú ilé oúnjẹ kan, ó jókòó. Mo bá a jókòó, mo dìde, mo lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì, mo padà, mo tún lọ wò ó. Mo ní ká wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú kejì. Ó ní kí n máa lọ. Mo lọ lóòótọ́. Nígbà tí mo padà dé, ó ti sùn lọ lórí àga náà, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ bíi ti ọmọdé. Ọkùnrin tó ni ilé oúnjẹ náà ti fa agbòòrùn bò ó kí oòrùn má baà pa á lójú. Mo dúró, mò ń wò ó. Mi ò tíì rí i kó sùn lójú ọ̀sán rí.

Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí a padà, ìrọ̀lẹ́ ń bọ̀, àwọn ìbejì pè wá, àwọn méjèèjì lórí fóònù kan náà. Wọ́n ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ lédè Lọ́ńdọ̀nù wọn. Èyí obìnrin nínú wọn ló béèrè pé kí ló dé tí a ò lọ sí Puglia, ṣebí gbogbo ayé ló ń ya fọ́tò níbẹ̀ báyìí. Mo la ẹnu láti dáhùn. Ọkọ mi gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Mo ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí," ló wí. "Kí wọ́n tó bí yín. Inú oko tòmátò."

Ó sọ ọ́ fún wọn, kò gùn tó bó ṣe sọ ọ́ fún mi, ṣùgbọ́n kò yọ ìyá rẹ̀ kúrò. Èyí ọkùnrin, tí kì í béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wa ju ohun tó máa jẹ lọ, ní, "Daddy, báwo ni Grandma ṣe rí?"

Ọkọ mi fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì. "Ó ga," ló wí. "Ó ga jù mí lọ. Ohùn rẹ̀ sì le, tó bá pè mí láti ẹ̀yìnkùlé, ìgboro á gbọ́."

Mo dìde lọ ra omi fún un, torí mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà máa pẹ́.