Dáyóòdù Bọ̀dá Akeem àti Ẹyin Ìyá Tàíbátù

Bọ̀dá Akeem, tó ń tún infátà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù irun mi ní Igbó-Elérin, kò mọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sọ. Ibi tí ọkùnrin mìíràn ti ń yin ojú ọmọge, tiẹ̀ sí Tàíbátù tó ń dẹnu kọ ni pé, "Tàíbátù, ṣé o mọ ohun tó wà nínú dáyóòdù?"

Tàíbátù á ní òun kò mọ̀. Ó ti kó ara ẹ̀ sí i nìyẹn.

"Ẹ̀yà kékeré inú infátà ni, ó ń jẹ́ kí iná lọ, kì í jẹ́ kó padà. Sílíkọ̀n inú ẹ̀ tò gún régé bí irun tí Moyin dì. Ṣùgbọ́n tí ìpìlẹ̀ ẹ̀ bá ti wọ́, gbogbo ohun tí wọ́n bá tò lé e lórí á wọ́ náà ni. Ibi tó wọ́ yẹn ni iná á ti máa jò padà. Tó bá wá gbóná, jíjò ẹ̀ á pọ̀ sí i."

"Bọ̀dá, ẹ má fi irun mi ṣàpèjúwe," mo ní. "Tèmi kì í wọ́."

Ẹ máa rò pé ọmọ náà á sá. Kò sá.

Ìyá ẹ̀ ni wàhálà. Àpótí oníná ni Ìyá Tàíbátù fi ń sàba ẹyin, wọ́n ń ta ọmọ adìẹ dé Ọ̀tọ̀-Àwórì. Infátà tó ń fún àpótí náà níná wá ń kú lọ́sọ̀ọ̀sán. Wọ́n gbé e fún Bọ̀dá Akeem, wọ́n ní:

"Bí ẹyin mi bá bàjẹ́, kí ẹbí ẹ má wulẹ̀ wá tọrọ ọmọ kankan níbí."

Ní àárọ̀, níwájú fáànù bó ṣe máa ń ṣe, Bọ̀dá Akeem fi mítà wo gbogbo dáyóòdù. Gbogbo ẹ̀ dára. Ó gbé e padà. Oòrùn mú, infátà kú. Ìyá Tàíbátù fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé àpótí kí ẹyin má baà tutù. Bọ̀dá Akeem ní bóyá ẹyin wọn ló ń fa iná jù. Ẹ gbọ́ ẹni tó fẹ́ fẹ́yàwó.

Lọ́jọ́ kejì, ó tún gbé infátà wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó yọ dáyóòdù kan, ó so ó sódì mọ́ bátìrì láti wo bí iná á ṣe jò padà, ó tẹjú mọ́ mítà. Nọ́ńbà ò kúrò lójú kan. Jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ń pariwo, kò gbọ́ ìró mi. Mo fẹ́ fi ṣeré, mo pa fáànù ẹ̀, mo ki ẹnu dáráyà irun mi bọ àlàfo pákó tó là wá láàrin, mo fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí dáyóòdù.

Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

"Moyin, wá wò ó. Mítà yìí ti ya wèrè."

"Ẹ gbàdúrà sí i, sà."

Ó ti ń gbà á kí ẹ̀rín tó bọ́ lẹ́nu mi. Ó rí dáráyà, ó fẹ́ bú mi, ló bá tún yíjú wo mítà.

"Tún un fẹ́."

Mo fẹ́ ẹ, ó tún gòkè. A gbé dáyóòdù mìíràn síbẹ̀, nọ́ńbà ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira.

"Bọ̀dá, ohun tí ẹ fi ń dẹnu ìfẹ́ kọ ọmọ ọlọ́mọ kọ́ rèé?"

"Èmi náà ni mò ń fi fáànù tù ú lára ní gbogbo ìgbà tí mò ń yẹ̀ ẹ́ wò," ó ní, ohùn ẹ̀ wálẹ̀ pátápátá.

Ó pààrọ̀ dáyóòdù tó ń jò náà, ó gbé infátà lọ. Ìyá Tàíbátù gbé àga síwájú ẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán tó gbóná yẹn. Infátà ò kú. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Aláásàrì, Ìyá Tàíbátù gbé ọwọ́ lé ẹyin, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Sọ fún ẹbí ẹ kí wọ́n máa bọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ ò tíì lọ. Ìwọ lo máa ṣọ́ ẹyin wọ̀nyí títí wọ́n á fi pamọ."

Ó jókòó. Inú ẹ̀ dùn débi pé ó ń yí ẹyin kiri láìsinmi, títí Ìyá Tàíbátù fi gbá a lọ́wọ́.