Àmì Kẹtàlá

Ọjọ́ tí Bàbá Alámì ní kí gbogbo àlejò rẹ̀ máa lọ sílé ni àwọn èèyàn ò yéé sọ títí dòní. Ọjọ́ náà ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí yunifásítì máa ń ní kí olùkọ́ ṣe níṣojú gbogbo ayé bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀gá àgbà yunifásítì jókòó níwájú nínú aṣọ oyè. Ìyàwó ọ̀jọ̀gbọ́n, tó ṣì wà láyé nígbà náà, wọ bàtà tuntun tó ń ta á lẹ́sẹ̀, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo sì jókòó tì í. Lẹ́yìn pátápátá, lẹ́nu ọ̀nà, ni ìyá agbálẹ̀ dúró sí pẹ̀lú korobá rẹ̀, torí wọ́n ní kó wà nítòsí bí nǹkan bá dà sílẹ̀.

Iṣẹ́ àmì ni Bàbá Alámì yàn láàyò nínú jọ́mẹ́tírì. Bí èèyàn bá fọ́n àmì ká bí ẹní fọ́n àgbàdo fún adìẹ, kí ni ó gbọ́dọ̀ rí níbẹ̀, yálà ó fẹ́ tàbí ó kọ̀? Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń sọ pé, tí àmì bá ti pé mọ́kànlélógún, tí mẹ́ta kò sì sí lórí ìlà kan náà, bó ti wù kí wọ́n fọ́n wọn ká, mẹ́fà kan nínú wọn máa para pọ̀ di ilé onígun mẹ́fà tí igun rẹ̀ kankan ò wọnú, tí àmì kankan ò sì gbé inú rẹ̀. Ilé òfìfo ló ń pè é. Lọ́jọ́ náà, ó ní kí wọ́n gbé pátákó ọ́fíìsì òun wá sí gbọ̀ngàn, torí òun ò lè sọ̀rọ̀ níwájú pátákó àjèjì. Àmì mọ́kànlélógún ti wà lórí rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta, ó mọ èyí tó jẹ́ àmì kìíní títí dé èyí tó gbẹ̀yìn, ó tò wọ́n lọ́nà tó le jù lọ, kó lè fi hàn pé níbẹ̀ pàápàá, ilé òfìfo kan ṣoṣo ṣì wà.

Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ilé náà. Ó fa igun kìíní, ó fa ìkejì, nígbà tó dé ìkarùn-ún, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹnì kan ń gbé inú ilé. Àmì kẹtàlá ti jókòó sáàárín rẹ̀ bí ayálégbé tí kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ogójì ìṣẹ́jú ni ọ̀jọ̀gbọ́n fi kẹ̀yìn sí wọn, tó ń wá ilé òfìfo mìíràn lórí pátákó yẹn. Kò rí i. Níkẹyìn ó yíjú sí wọn.

"Irọ́ ni mo fẹ́ pa fún yín," ó ní. "Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń pa á fún ara mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ sílé."

Ọ̀gá àgbà béèrè bóyá kò lè sọ díẹ̀ nínú irọ́ náà, torí oúnjẹ ò tíì jinná.

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín dọ́ba, ṣùgbọ́n ìyá agbálẹ̀ ò lè rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló mọ bí àmì kẹtàlá ṣe dé ibẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí àwọn tó máa gbé pátákó tó dé, ó ń fi àkísà tútù nu igi etí pátákó, lábẹ́ ìwé tí ọ̀jọ̀gbọ́n kọ Ẹ MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN sí gàdàgbà. Ni àkísà bá yọ̀, àmì kan bá parẹ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó dá a padà síbi tó rò pé ó wà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé àmì ni àmì ń jẹ́.

Ó fẹ́ jẹ́wọ́ lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n ó bá ọ̀jọ̀gbọ́n níwájú pátákó, ó káwọ́ lérí, kò sì gbọ́ nígbà tó kí i. Ó sún un di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Ìyá náà mọ òwe yìí dáadáa, ó sì pa tirẹ̀ mọ́ fún ọdún mẹ́rìnlá.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, nǹkan ò ṣẹnuure fún Bàbá Alámì. Lẹ́tà tó máa ń ti ìlú òkèèrè wá ò wá mọ́. Wọ́n fi ẹni tó kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ṣe olórí ẹ̀ka lé e lórí. Wọ́n gbé ọ́fíìsì rẹ̀, tòun ti pátákó alámì náà, lọ sí yàrá kejìdínlógún, níbi tí omi ti ń jò láti òkè tí fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí ògiri. Ìyàwó rẹ̀ kú lọ́dún kẹta. Gbogbo rẹ̀ pátá ni ìyá agbálẹ̀ kà sí ara rẹ̀ lọ́rùn. Bó bá ń nu ilẹ̀ yàrá yẹn, á nù ún lẹ́ẹ̀mejì.

Síbẹ̀, ọkùnrin náà ò jẹ́ kí ìbànújẹ́ jọba pátápátá. Kò sí ohun tó kórìíra tó kí nǹkan mẹ́ta wà lórí ìlà kan. Ó bá télọ̀ jà nítorí bọ́tìnnì mẹ́ta tó wà láyà aṣọ rẹ̀.

"Èwo nínú yín ló sọ fún un kó wà láàárín?" ó béèrè lọ́wọ́ bọ́tìnnì kejì, kì í ṣe lọ́wọ́ télọ̀.

Télọ̀ tú u, ó gbé e sápá kan. Láti ọjọ́ náà, aṣọ ọ̀jọ̀gbọ́n ò dé dáadáa mọ́, òtútù sì máa ń gba ibẹ̀ wọlé sí i láyà. Ó ní òtítọ́ kì í móoru.

Nígbà ìgbéyàwó ọmọbìnrin rẹ̀, tó ti di apòògùn, onífọ́tò ní kí ẹbí tò. Bàbá Alámì bẹ̀rẹ̀ sí í fa àwọn èèyàn káàkiri, ó ti àna rẹ̀ sẹ́yìn òdòdó, ó ní kí ìyàwó ọ̀ṣìngín tẹ̀ sápá òsì. Nínú fọ́tò náà, ó dà bíi pé òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ká gbogbo ẹbí mọ́ ìta. Òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Ohun kan ló ń dẹ́rù ba ìyá agbálẹ̀ jù. Gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè ló máa ń bá ṣọ́ọ̀kì tuntun kan lórí etí fèrèsé, níbi tó máa ń gbé korobá rẹ̀ sí gan-an. Ó gbà pé ọ̀jọ̀gbọ́n ti mọ̀, pé ó ń fi ṣọ́ọ̀kì yẹn bá òun wí ni. Á mú un, á dá a padà sínú páálí láìsọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó bá tẹ̀ lé e, òmíràn á tún wà níbẹ̀.

Nígbà tí àìsàn dá ọ̀jọ̀gbọ́n dùbúlẹ̀, ìyá agbálẹ̀ lọ wò ó ní ọsibítù, ó ti pinnu pé lọ́tẹ̀ yìí, òun á sọ ọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti rù, ó ń wo àjà.

"Ẹ wòkè, ìyá," ó ní. "Gbogbo ihò yẹn ni wọ́n tò sórí ìlà. Ṣé ibi tó yẹ kí èèyàn kú sí nìyí?"

Ìyá agbálẹ̀ la ẹnu. Nọ́ọ̀sì wọlé, ó ní àsìkò ìbẹ̀wò ti tán. Ọjọ́ kejì, lọ́sàn-án, Bàbá Alámì kú.

Ní itẹ́ òkú, wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè méjì kan, gbọnrangandan lórí ìlà kan náà. Apòògùn, ọmọ rẹ̀, wò ó, ó ní kí wọ́n dí i, kí wọ́n gbẹ́ òmíràn sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ méjì. Ọkùnrin tó ń gbẹ́ ilẹ̀ ní látìgbà tóun ti ń ṣiṣẹ́ yìí, òkú kankan ò tíì ṣàtakò. Apòògùn ní èyí á ṣe é. Òjò ń rọ̀, ọkùnrin náà sì tún ilẹ̀ gbẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni apòògùn wá kó ẹrù yàrá kejìdínlógún. Àwọn méjì tó máa bá a gbé pátákó lọ sílé rẹ̀ ti wà lọ́nà. Ìyá agbálẹ̀ ti ilẹ̀kùn, ó sì jókòó, ohun tí kò ṣe rí nínú yàrá yẹn.

"Ọmọ mi, èmi ni mo ba iṣẹ́ bàbá rẹ jẹ́," ó ní. Ó sọ gbogbo rẹ̀, àkísà, àmì, ọdún mẹ́rìnlá. "Mi ò lè gbé e mọ́. Sọ ohun tó bá wù ọ́ sí mi."

Apòògùn ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú ìwé pẹlẹbẹ kan jáde, ojú ewé márùn-ún péré, ó ṣí i sí ìparí.

"Ìwé tí Bàbá kọ lọ́dún yẹn rèé, láti fi sọ pé irọ́ ni iṣẹ́ òun," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín. 'Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá tó ń tọ́jú ọ́fíìsì mi, ẹni tó fi àmì kẹtàlá síbi tí èmi ì bá má fi sí láéláé.' Àwọn tó tẹ ìwé náà kọ̀wé béèrè pé yunifásítì wo ni ìyá yẹn ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá ní kí wọ́n kọ korobá síbẹ̀."

"Ó mọ̀?"

"Lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Bàbá máa ń tẹ ṣọ́ọ̀kì ni, á sì yí i. Tiyín gùn bí hóró ẹ̀wà, àbàwọ́n omi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ ò ba nǹkan kan jẹ́, mà. Irọ́ ni tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin lẹ jẹ́ kó rí i kí ẹlòmíràn tó bá a rí i."

"Ṣọ́ọ̀kì gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè ńkọ́?"

"Ó fẹ́ kẹ́ ẹ tún fi àmì míì sórí pátákó ni. Ó ní ọdún mẹ́rìnlá lẹ fi kọ̀ fóun."

Ìyá agbálẹ̀ ní kí ló dé tí kò wulẹ̀ sọ ọ́ lẹ́nu.

"Ó ní tóun bá sọ fún yín, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Ó ní àwọn tó ń ronú ti pọ̀ jù níbí."

Ẹ̀rín kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ìyá náà. Lẹ́yìn náà ló fi aṣọ bojú, ó sunkún dáadáa, torí ó dùn ún pé àwọn méjèèjì fi ọdún mẹ́rìnlá dákẹ́ síra wọn nínú yàrá kan náà. Nígbà tó ṣe tán, ó rìn lọ sí etí fèrèsé. Ṣọ́ọ̀kì Mọ́ńdè tí ọ̀jọ̀gbọ́n gbé kalẹ̀ kẹ́yìn, èyí tí ìyá náà ò tíì dá padà sínú páálí, ṣì wà níbẹ̀. Kò ronú. Ó fi àmì kan sórí pátákó, ó gùn díẹ̀. Apòògùn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ojú kan, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí lórí ìlà ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó ń gbé ẹrù kan ilẹ̀kùn, wọ́n wọlé. "Ẹ dákun, ẹ má fọwọ́ kàn án," ni ìyá agbálẹ̀ sọ fún wọn. Ọ̀kan béèrè báwo làwọn á ṣe gbé ohun táwọn ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Ó fi ibi tí wọ́n á ti dì í mú hàn wọ́n, níbi igi etí rẹ̀ nìkan, òun fúnra rẹ̀ sì di igun kan mú títí wọ́n fi gbé e dé ìta.